Wọ́n fa ọ̀rá ikùn mi, awọ tó rọ̀ ló kù fún mi: kí ni kí n ṣe báyìí?

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí tán tí mo sì pa á rẹ́ nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Èmi ti tọ alábẹ lọ ná, abẹ ọ̀hún ló sì dá egbò tí mo ń gbé kiri yìí sí mi lára. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

Ẹni ọdún 43 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Ìbejì ni àwọn méjì tó kẹ́yìn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé wọn jáde. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ikùn mi kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Nígbà tí ojú abẹ jinná, ìyá mi fi ọ̀já dì í fún mi lójoojúmọ́. Mo jáwọ́ nínú oúnjẹ alẹ́, mo ń rìn ní àárọ̀ kùtù títí tí ojú àti apá mi fi fọn, síbẹ̀ ikùn náà kò yí padà. Awọ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí àpò tí wọ́n ti kó ohun inú rẹ̀ kúrò, bí mo bá sì fẹ́ dìde lórí ibùsùn, ààrin rẹ̀ a yọ sókè gọngọ láti abẹ́ àyà títí dé ìdodo. Títí di ọdún tó kọjá ni àwọn oníbàárà ṣì ń bi mí pé oyún náà ti pé oṣù mélòó. Ẹ̀yin tí wọn kò tíì bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Orí Instagram ni mo ti rí ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Mo fi àwòrán ikùn mi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, ọmọbìnrin tó ń dá èèyàn lóhùn níbẹ̀ sì sọ fún mi pé wọn yóò fa ọ̀rá inú rẹ̀, wọn yóò dà á sí ìdí mi, ara mi yóò sì padà dà bíi ti ọmọge. ₦2,800,000 ni mo san. Àjọ tí mo kó ló jẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, mo sì yá èyí tó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.

N kò fojú kan dókítà náà títí di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Bóyá ni òun àti èmi jọ lo ìṣẹ́jú 10 pọ̀. Ó fi bírò fa ilà sí mi lára lórí ìdúró. Kò ní kí n dùbúlẹ̀, kò fi ọwọ́ tẹ ikùn mi wò. Ìgbà tí mo ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ tán, tí àyà mi ń já, ni wọ́n gbé ìwé wá pé kí n buwọ́ lù, mo sì buwọ́ lù ú láìkà á. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé nígbà tí wọ́n lu etí mi lọ́mọdé, ojú ibẹ̀ wú, ó sì di kókó. Ó ní kò séwu.

Oṣù àkọ́kọ́ kún fún ìrora. N kò gbọdọ̀ fi ìdí jókòó, àyà ni mo fi ń sùn, mo sì ń wọ aṣọ tó ń fún ara pinpin tọ̀sán-tòru. Omi kó jọ sábẹ́ awọ ikùn mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì wọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó kí wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fà á jáde. Oṣù kẹsàn-án nìyí. Ọ̀rá ti dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ tó kù rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó kún fún kòtò àti gegele. Ààrin ikùn náà ṣì ń yọ sókè bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí mi apá ọ̀tún tóbi ju ti òsì lọ. Méjì nínú àwọn ojú ihò tí irin gbà wọlé ti wú, wọ́n sì ń yún mi. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní oúnjẹ tí mò ń jẹ ló fà á, pé kí n mú ₦1,200,000 wá kí wọ́n tún un ṣe. Èyí tó wá dùn mí jù lọ ni pé àwòrán ikùn mi tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn wà lórí ojúewé wọn. Wọn kò fi ojú mi hàn, ṣùgbọ́n mo dá àpá iṣẹ́ abẹ ìbejì mi mọ̀.

Ṣé kí n padà sọ́dọ̀ wọn, àbí kí n lọ síbòmíràn? Ṣé ẹ̀tọ́ wà fún mi láti gba owó mi padà? Ọkọ mi mọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n iye tí mo sọ fún un kò tó ìdajì ohun tí mo san, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí níwájú rẹ̀.

Bàbá Àgbà Ẹ̀gbá

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ rẹ ká mi lára, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni n ó sọ. N kò rí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ le yóò fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ẹni tí yóò fi irin gún un. Àwa tí a ti dàgbà kò gbàgbé Stella Obasanjo, ìyàwó Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, tó kú ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 2005 lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ báyìí, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó pé ẹni 60 ọdún. Bí owó àti ipò kò bá gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ni yóò gba èmi àti ìwọ? Ikùn tó gbé ọmọ mẹ́rin ní ọlá tirẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fara mọ́ èyí tó ti ṣẹlẹ̀, kí o má sì tún jẹ́ kí abẹ kan ara rẹ mọ́ láé.

Ìyá Adúláwọ̀

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìrírí tèmi ti Ìyá Ìbejì lẹ́yìn, nítorí pé irú ikùn tí ó ṣàpèjúwe yìí gan-an ni èmi náà ní.

Ìyá Ìbejì, ohun tí ẹ sọ nípa ààrin ikùn tó ń yọ sókè bí ẹ bá fẹ́ dìde ni mo kọ́kọ́ dákẹ́ lé lórí. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ kẹta, bẹ́ẹ̀ ni tèmi ń ṣe, ẹ̀yìn sì ń dùn mí tí n kò fi lè gbé garawa omi. Ilé ìwòsàn ìjọba kan tó ń kọ́ àwọn dókítà ni mo lọ. Dókítà tó rí mi níbẹ̀ ní kí n dùbúlẹ̀, ó ní kí n gbé orí sókè díẹ̀, ó sì ki ìka mẹ́ta bọ ààrin ikùn mi. Ó ní iṣan ikùn mi méjèèjì ti pínyà nígbà oyún, wọn kò sì padà pàdé ara wọn. Ó sọ ọ́ kedere pé bí òun bá fa ọ̀rá mi láti òní di ọ̀la, òun kò lè fi ìyẹn so wọ́n pọ̀, àti pé awọ tó ti fẹ̀ kọjá agbára rẹ̀ kì í sábà fà padà.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo rí i kó tó gbà láti ṣe é. Ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ bímọ, nítorí oyún mìíràn lè tú ohun tí òun bá rán. Ó ya àpá náà sórí ìwé fún mi, láti eegun ìbàdí kan dé ìkejì, ó ní títí ayé ni n ó máa gbé e, kí n lọ fi han ọkọ mi, kí n sì ronú. Inú bí mi nígbà náà pé ó ń fà mí lẹ́sẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìfàsẹ́yìn yẹn gan-an ni ìtọ́jú. Nígbà tó ṣe é, ó gé awọ tó rọ̀ kúrò, ó rán àwọn iṣan náà pọ̀, ó sì tún ìdodo mi tò sí àyè rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rìn ní ìtẹ̀kọdọrọ. Àpá mi kò rẹwà, apá kan rẹ̀ dúdú títí di òní, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu, nítorí wọ́n ti sọ fún mi.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti yín nìyẹn. Ohun kan náà ni àwa méjèèjì fẹ́. Wọ́n yẹ èmi wò, wọn kò yẹ ẹ̀yin wò. Wọ́n sì ta iṣẹ́ tí ikùn yín kò nílò fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé oúnjẹ ló fà á.

Dókítà Iṣẹ́ Abẹ

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Iṣẹ́ àtúnṣe ara ni mò ń ṣe. N kò lè yẹ yín wò láti ibi tí mo wà, nítorí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi ní àyẹ̀wò. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ óò béèrè nígbà tí ẹ bá jókòó níwájú ẹni tí yóò yẹ yín wò.

Fífa ọ̀rá kì í ṣe ọ̀nà láti mú awọ le, kì í sì í ṣe ọ̀nà láti fọn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò ni a ń kì bọ abẹ́ awọ tí a sì ń fi fa ọ̀rá tó wà níbẹ̀ jáde. Bí awọ bá ṣì lágbára, yóò sún mọ́ra fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà. Awọ tí oyún ìbejì ti nà kì í sábà ní agbára yẹn mọ́. Bí a bá wá yọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí a kò gé e, yóò rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí irin bá sì ti sún mọ́ awọ jù, tàbí tí ọ̀rá tí wọ́n fà níbì kan ju ti ibòmíràn lọ, kòtò àti gegele ni yóò kù. Bí ẹ ti ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ó jọ pé ọ̀rọ̀ awọ àti iṣan ni tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tẹ ikùn náà wò ìbá ti mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní ti ìdí, kì í ṣe gbogbo ọ̀rá tí a bá gbé láti ibì kan sí ibòmíràn ló máa ń yè. Apá kan yóò rí ẹ̀jẹ̀ tí yóò máa bọ́ ọ, apá kan yóò kú, ara yóò sì gbé e mì. Nítorí náà apá ọ̀tún àti apá òsì lè má gbà á bákan náà kódà lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti sọ ìyẹn fún yín.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nítorí àwọn mìíràn tó ń ka èyí. Iṣẹ́ abẹ tí a ń fi ọ̀rá kún ìdí ti pa àwọn obìnrin tí ara wọn le. Ní ọdún 2017, ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ kan tó wádìí rẹ̀ fojú bù ú pé ó lè tó ẹnì kan nínú 3,000 tó ń kú. Ohun tó ń fa ikú náà ni pé bí irin bá wọ inú ẹran ìdí gan-an, ó lè ya iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wà níbẹ̀, ọ̀rá yóò gba ibẹ̀ wọlé, yóò sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹwà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe é mọ́. Ọdún 2022 ni wọ́n tó tún un gbé yẹ̀ wò, wọ́n sì fi í sí abẹ́ àdéhùn pé abẹ́ awọ nìkan ni ọ̀rá gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ̀rọ tó ń fi inú ara hàn sì máa tọ́ irin náà sọ́nà. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ dókítà pé ibo ni yóò da ọ̀rá náà sí àti irú ẹ̀rọ tí yóò fi wo irin rẹ̀, tí ó sì ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Bàbá, ohun tí ẹ sọ nípa ọdún 2005 jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìparí: ní ọdún 2009, kóòtù ilẹ̀ Sípéènì dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi, nítorí pé irin rẹ̀ dé ibi tí kò yẹ kó dé nínú ikùn. Àìbìkítà ni wọ́n pè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí á gbé ẹ̀bi oníṣẹ́ ru aláìsàn.

Ìyá Ìbejì, ẹ má kánjú ṣe èkejì. Ó sábà máa ń tó ọdún kan kí wíwú tó lọ tán, kí awọ tó fi ojú rẹ̀ gan-an hàn. Àwọn ojú ihò tó ń wú ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ, nítorí ẹni tí etí rẹ̀ ti wú rí ni irú àpá bẹ́ẹ̀ ń dà láàmú, abẹ́rẹ́ wà tí a lè máa gún sínú rẹ̀ kó lè rọ̀. Gígé e nìkan kò tó. Ó sábà máa ń padà wá, nígbà mìíràn á sì tóbi ju ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ etí yẹn fún gbogbo ẹni tó bá tún fẹ́ fi abẹ kàn yín. Bí ẹ bá rí kókó líle tó ń pọ́n tàbí tó ń gbóná ní ìdí tàbí ní ikùn, ẹ má dúró de ọjọ́ kankan.

Agbẹjọ́rò Oníbàárà

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè owó. Ìwé tí ẹ buwọ́ lù kò pa ẹ̀tọ́ yín rẹ́. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé olùtọ́jú gbọ́dọ̀ jẹ́ kí aláìsàn mọ irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, ní èdè tó yé aláìsàn náà. Ìwé tí wọ́n gbé wá lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé rẹ̀, ṣòro láti sọ pé ó fún yín ní ìmọ̀ tí òfin yẹn ń wí. Abala 26 òfin kan náà dáàbò bo àṣírí aláìsàn, nítorí náà àwòrán ikùn yín tí wọ́n gbé síta láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀sùn gedegbe tó dá dúró lọ́tọ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ rí ojú yín níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ojúewé náà lónìí, kí ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ hàn, kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pé ẹ fẹ́ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ yín: orúkọ dókítà tó ṣe é, iye ọ̀rá tí wọ́n fà, ibi tí wọ́n dà á sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n buwọ́ lù ú pé àwọn gbà á. Dókítà tuntun tí yóò yẹ yín wò yóò nílò rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò sì nílò rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú.

Ibi mẹ́ta ni ẹ lè mú un lọ, ohun tí wọ́n sì lè ṣe kò jọra. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ni ti owó, nítorí pé òfin ọdún 2018 tó gbé e ró fún ẹni tó sanwó fún iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ tó péye, àti láti béèrè pé kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá apá kan owó rẹ̀ padà. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn dókítà ní ìwé àṣẹ, ni ti dókítà fúnra rẹ̀. Ẹ óò fi ìbúra kóòtù ti ìwé ẹ̀sùn yín lẹ́yìn, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ tó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ̀bi. Àwọn náà ni ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara, àbí dókítà lásán ni. HEFAMAA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń ṣàbójútó àwọn ilé ìwòsàn, ni ti ilé ìwòsàn náà, bóyá wọ́n fún un ní àṣẹ láti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe san kọ́bọ̀ kan nínú ₦1,200,000 yẹn, ẹ má sì buwọ́ lu ìwé mìíràn tí wọ́n bá gbé wá, pàápàá èyí tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá mi, mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nítorí àwọn tó lè máa rò pé bí wọ́n bá lọ sókè òkun, ó tán. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mo sì ti wẹ egbò fún àwọn obìnrin wa tí wọ́n lọ sí Tọ́kì nítorí owó ibẹ̀ kéré. Ọ̀kan nínú wọn wọ bàálù padà nígbà tí ojú rírán ikùn rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó pe nọ́ńbà tí wọ́n fún un, ẹni tó gbé e kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín yẹ kó wà ní ibi tí ẹ lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní oṣù kẹta àti ní ọdún tó ń bọ̀. Ìyá Ìbejì, Ilé Ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn níbi tí ẹ ń gbé, wọ́n sì ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Bàbá Àgbà Ẹ̀gbá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìyá Ìbejì, mo tọrọ àforíjì. Mo bá ọ wí lórí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ iṣan tó pínyà yẹn, ìyàwó mi ní bẹ́ẹ̀ ni ti òun náà ti ń ṣe láti ọdún 1988, n kò mọ̀, n kò sì bi í rí. Ní ti ọkọ rẹ, sọ iye náà fún un kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó ni yóò kọ́kọ́ bínú sí. Jẹ́ kó bínú tán, kí o wá fi ikùn náà hàn án.

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń ka ìdáhùn yín ní òròòru, n kò sì lè kọ nǹkan kan.

Mo ti sọ fún ọkọ mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ló ní kí n mú ìwé owó wá. Ó kà á, ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ kejì mo ṣe bí Bàbá ti wí, mo sì gbé aṣọ sókè. Ó fi ọwọ́ kan àwọn ibi tó wú, ó ní, “Wọn kò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò?” Mo ní rárá. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti kọ̀ǹpútà tó tẹ lẹ́tà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Èkó ló mú lẹ́tà lọ sí ilé ìwòsàn náà. Wọn kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Nígbà tó sọ pé òun yóò dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan jáde wá buwọ́ lù ú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni àwòrán ikùn mi kúrò lórí ojúewé wọn, ṣùgbọ́n mo ti ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, Agbẹjọ́rò, bí ẹ ti wí.

Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ ní UCH, ní Oríta Mẹ́fà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, lórí àwọn àpá tó ń wú ná. Mo ti kọ ìbéèrè mi sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, ọ̀rọ̀ etí mi ni mo sì kọ síwájú. Ọkọ mi ní òun kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ yẹn, kí òun lè wà mí lọ.